Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Tún Owó Wa Pín?

Lọ́dún 2023, ọjà ṣíà Nàìjíríà fi ohun tó lé ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra. Inú àwọn tó ní ṣíà dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Ká ní ẹ fi ₦600,000 sí treasury bills, ìyẹn owó téèyàn yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ẹ sì fi ₦400,000 ra ṣíà. Bí ṣíà yẹn bá di ₦580,000, tí owó treasury bills ò sì yí padà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo owó yín. Ìdá 40 lẹ sì sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹ lè fara dà! Bí ọjà bá já lulẹ̀ lọ́la, ohun tó máa bá a lọ á ju èyí tẹ́ ẹ gbà láti fi sínú ewu.

Ní tèmi, ẹ máa yẹ bẹ́ ẹ ṣe pín owó yín wò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ìyàtọ̀ sí ìdá tẹ́ ẹ fẹ́ ò bá tíì tó ìdá 5, ẹ fi sílẹ̀, torí búrókà ń gba owó tiẹ̀ lórí títà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó tuntun àti èrè orí ṣíà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ darí sí treasury bills. Bí kò bá sí irú owó bẹ́ẹ̀, nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ ta nǹkan bí ₦108,000 nínú ṣíà náà kó lè padà sí ìdá 40.