Ọ̀gá Ológun Tó Ń Fi Sátẹ́láìtì Ṣiṣẹ́: Ìdáhùn Tí Mo Jẹ Ní Gbèsè

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Ìsàlẹ̀ Èkó)

 

Mo jẹ gbèsè. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọmọbìnrin kan dìde láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ di ọ̀gá ṣọ́jà tó ń fi sátẹ́láìtì ṣiṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo di gbohùngbohùn mú ni mo tiẹ̀ dá a sílẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé láti Ìdúmọ̀tà lo ti fẹ́ fò lọ sójú ọ̀run?" Ọmọ náà jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká. Àwa kan náà la máa ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà. Ojú tì mí nígbà tí mo délé. Mo wá ìdáhùn rẹ̀ lọ. Òun ni mo mú wá lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Sátẹ́láìtì kì í ṣe àlejò l'Ékòó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ, ọdún 1963, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà bá olórí ìjọba wa, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Sátẹ́láìtì Syncom 2 ló gbé ohùn wọn. Ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Kingsport, tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó wa níbí, ló sì gba ohùn náà sílẹ̀ láti òkè. Ohun tí a fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín ti wọ omi wa kí púpọ̀ nínú wa tó wọ ilé ìwé!

Nígbà tó di 1999, ìjọba dá NASRDA sílẹ̀ fún ìwádìí òfurufú. NigeriaSat-1 gòkè láti Rọ́ṣíà ní 2003, NigeriaSat-2 tẹ̀lé e ní 2011. Ní 2014, àwọn ológun náà dá tiwọn sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Defence Space Administration lónìí. Ìdí rẹ̀ ò ju pé ojú olójú ò jọ ojú ẹni.

Àwọn ọ̀gá tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í fò lọ sókè o. Orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ka àwòrán, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Àwòrán sátẹ́láìtì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín pọ̀. Ti NigeriaSat-1, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 kìlómítà sókè, ìlẹ̀kẹ̀ kan jẹ́ mítà 32 lóòró àti níbùú: odindi agboolé kan níbí lè wọ inú rẹ̀. Ti NigeriaSat-2 jẹ́ mítà 2.5. Dánfó kan á gba bí ìlẹ̀kẹ̀ méjì; ènìyàn ò lè hàn rárá. Ọ̀gá yẹn ló máa sọ bóyá ibùdó ọ̀tá ni tàbí abà àgbẹ̀. Bó bá ṣì í kà, ẹ̀mí aláìṣẹ̀ ló máa fi san án.

Mo mọ̀ pé khákí ń já àwa òbí láyà. Àwọn tó wà l'Ékòó ní 1993 mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ kó jókòó síwájú àwòrán yẹn? Ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́, tó láàánú lójú, ni àbí ẹni tó kàn fẹ́ pàṣẹ?

Ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Kọ́kọ́ gba kírẹ́díìtì márùn-ún, kí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Fi físíìsì kún un. Ṣe JAMB, kí o sì ṣe ìdánwò NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná. Ní 2011 ni àwọn ọmọbìnrin kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ láti di kádẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti jáde yunifásítì tún lè gba ọ̀nà kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Direct Short Service. Ìwọ yóò kọ́kọ́ di ọ̀gá ṣọ́jà ná, kí wọ́n tó yàn ọ́ síbi iṣẹ́ sátẹ́láìtì.

Ẹ̀yin ará, ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Físíìsì tí mo ní kó kọ́ yìí, níbo ló ti máa kọ́ ọ? Ẹ wo láàbù wa: tábìlì wà, irinṣẹ́ ò sí. Owó wà lápò ẹgbẹ́ tí a ní ká fi kọ́ géètì tuntun. Géètì dára, orúkọ wa á hàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí géètì àtijọ́ ṣì máa ṣí, kó máa tì, ká fi owó yìí tún láàbù ṣe. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ fi tèmi kún un.

Ìwọ ọmọ mi, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀. Ìbéèrè rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Má bínú sí mi.