Ààrò Mẹ́ta Ilé Àgbà: Owó Ìjọba àti Ibùgbé Àwọn Arúgbó Aláìní

  

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá: irú ilé tí ó yẹ kí arúgbó tí kò ní lọ́wọ́ fi orí pamọ́ sí, àti irú owó tí ìjọba ní láti ná kí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó lè pẹ́ lórí ìdúró. Àwọn baba wa wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, òwe náà kò sì tíì di irọ́ títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òkété ìbá mu ọmú rẹ̀ lè ti kú ṣáájú rẹ̀. Ó lè wà ní ìdálẹ̀ tí ó ń fi òógùn ojú wá oúnjẹ òòjọ́. Ó sì lè jẹ́ pé òun pàápàá ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú aya àti ọmọ mẹ́rin, tí kò sí ibi tí yóò tẹ́ ẹní ìyá rẹ̀ sí. Ìlú tí ó bá di gbogbo ẹrù àgbà, tí ó gbé e ka ọmọ lórí, tí ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ìlú náà ti fi ọ̀rọ̀ àgbà sí ọwọ́ kádàrá. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé wọn kò mọ iyì àgbà, kí a wo òfin kan tí wọ́n ti ń rọ, tí wọ́n sì tún ń tún rọ, fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́ta. N kò sọ pé kí a ṣe bí wọ́n ti ṣe. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó sì sàn kí a wo ẹ̀yìn ẹlòmíràn kí ẹsẹ̀ tiwa tó yọ̀.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo ní í sọ. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Nínú ọ̀rọ̀ ilé àwọn àgbà aláìní, owó tí a fi kọ́ ilé ni ààrò kìíní. Owó tí ń dí àlàfo owó ilé lóṣooṣù ni ìkejì. Owó oṣù ẹni tí ń bójú tó àwọn tí ń gbé inú ilé náà ni ìkẹta. Ìjọba tí ó bá gbé ọ̀kan kalẹ̀ tí ó fi méjì sílẹ̀, ògiri ni ó kọ́, kò tíì kọ́ ilé.

Ní 1959, Ààrẹ Dwight Eisenhower kọ̀ láti fi ọwọ́ sí òfin ilé tí àwọn aṣòfin gbé wá bá a ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó tó fi ọwọ́ sí ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 23 oṣù September. Inú òfin yìí ni Abala 202 wà, èyí tí ó fún ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ láti yá ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ní owó, bí ìjọ onígbàgbọ́ àti ẹgbẹ́ aláàánú, kí wọ́n fi kọ́ ilé fún àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 62. Èlé orí owó náà kéré sí ti ilé ìfowópamọ́, ó sì tó 50 ọdún tí a lè fi san án. Ìyẹn dára. Àwọn ilé sì dìde, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́wà. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, inú owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san ni a sì ti ń san án padà. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó ní owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀ lọ́wọ́ ni ó rí ààyè wọlé, tí aláìní pátápátá, tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ fọ aṣọ fún olówó, dúró ní ìta tí ó ń wo fèrèsé. Ààrò kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀.

Wọn kò tètè rí ààrò kejì. Ní 1969, Sẹ́nétọ̀ Edward Brooke ti ìpínlẹ̀ Massachusetts, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, gbé àtúnṣe òfin kan kalẹ̀ pé ayálégbé inú ilé ìjọba kò gbọdọ̀ san ju ìdá 25 nínú 100 owó tí ń wọlé fún un lọ. Ní 1974 ni òfin tuntun wá so irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ilé Abala 202, pé kí àgbà san ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé, kí ìjọba sì san ìyókù. Ní 1981 ni wọ́n sọ 25 yẹn di 30. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni ń ka owó ọjà. Ká ní ìyá arúgbó kan ń gba 900 dọ́là lóṣù, tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí a ti yọ ohun tí òfin ní kí a yọ, irú bí owó ìwòsàn tí ó pọ̀ lápọ̀jù, 800 ni ó kù tí a ó kà sí i lọ́rùn. Ìyá yóò san 240. Bí iná, omi, àtúnṣe àti owó àwọn òṣìṣẹ́ bá jẹ́ kí yàrá rẹ̀ máa ná ẹgbẹ́ tí ó ni ilé ní 700 lóṣù, ìjọba yóò san 460. Bí owó ìyá bá dínkù lọ́dún tí ń bọ̀, ohun tí ó ń san yóò dínkù, ti ìjọba yóò sì lé sí i, kò sì ní sí ẹni tí yóò kó ẹrù rẹ̀ sí ìta. Ẹ ṣe àkíyèsí pé 460 yìí kì í ṣe owó ẹ̀ẹ̀kan. Oṣooṣù ni, níwọ̀n ìgbà tí ilé bá dúró tí àgbà sì wà nínú rẹ̀.

Ní 1990 ni wọ́n tó parí ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin tí a fi orúkọ Alan Cranston àti Henry Gonzalez pè yí ẹ̀yáwó àtijọ́ padà sí owó tí ẹgbẹ́ tí ó kọ́lé kò ní san padà rárá, bí wọ́n bá sáà ti fi ilé náà sílẹ̀ fún àwọn àgbà aláìní fún 40 ọdún. Àwọn tí owó wọn kò sì ju ìdajì ohun tí ìdílé tí ó wà ní agbedeméjì ní àdúgbò náà ń rí ni a ń gbà síbẹ̀. Òfin yìí kan náà ni ó fi àṣẹ sí i pé a lè ná owó ìjọba lórí aṣètò ìrànlọ́wọ́, ẹni tí n ó fẹ́ kí a dúró ti díẹ̀, nítorí òun ni àwọn olóṣèlú máa ń gbàgbé.

Ẹ wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà á kọjá. Irin ìdìmú wà lára ògiri balùwẹ̀, kí ẹsẹ̀ tí ó ń gbọ̀n lè rí ohun dì mú. Okùn kan wà lẹ́bàá ibùsùn tí àgbà lè fà bí ó bá ṣubú lóru. Gbogbo èyí ni kọ́lékọ́lé lè ṣe. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ilé, nínú ọ́fíìsì kékeré kan, aṣètò jókòó. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í wẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kì í fún ẹnikẹ́ni lóògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ ìyá tí lẹ́tà ti kún àpótí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tí kò sọ̀ kalẹ̀ wá kó o, kí ó sì gòkè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ó mọ baba tí kò lè ka fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ mọ́ nítorí ojú, kí ó sì bá a kọ ọ́. Kí ó pe dókítà, kí ó pe àwọn tí ń gbé oúnjẹ gbígbóná káàkiri, kí ó pe ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ènìyàn laṣọ mi, ni Yorùbá wí. Ẹni tí ó dàgbà tí kò ní ènìyàn, ìhòòhò ni ó wà, bí ó tilẹ̀ wà láàárín bíríkì. Ní ìlú Burlington ní ìpínlẹ̀ Vermont, ẹgbẹ́ Cathedral Square tún fi kún un: nínú ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò ní 2009, tí wọ́n ń pè ní SASH, aṣètò kan àti nọ́ọ̀sì tí ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni wọ́n pín fún àgbà bí 100. Láti 2011 ni ètò náà ti tàn ká ìpínlẹ̀ náà.

N kò wá síbí láti yin Amẹ́ríkà. Láti 2012 títí dé 2016, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn kò fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún kíkọ́ ilé tuntun lábẹ́ Abala 202. Owó àwọn ilé àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń san, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn kò dáwọ́ àtidàgbà dúró. Nǹkan bí 400,000 ibùgbé ni ètò náà ní, ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ìrànwọ́ ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe pọ̀, nínú àgbà mẹ́ta tí ó tọ́ sí, nǹkan bí ẹyọ kan ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó o. Ìyókù wà lórí ìwé ìdúródè, ibi tí ẹlòmíràn dúró sí títí ikú fi pe orúkọ rẹ̀ kí ilé tó pè é. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé bí àgbà náà bá wó lulẹ̀ tán, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn aláìní tí a dá sílẹ̀ ní 1965, yóò san owó ibùsùn, oúnjẹ àti nọ́ọ̀sì rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbogbòò, òfin kan náà kò gbà kí Medicaid san owó ilé rẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìjọba ń háwọ́ sí kékeré, ó sì ń na ọwọ́ sí ńlá.

Àwọn kan yóò wí pé bí ìjọba bá ń ṣe èyí, ọmọ yóò gbàgbé ojúṣe rẹ̀. Èmi rò pé òdì kejì rẹ̀ ni. Ọmọ tí kò ní láti bá ìyá rẹ̀ du ẹní ni ara máa ń yá láti gbé èso dání wá kí i. Owó ilé ni ìjọba ń bá ọmọ san. Kò sí ìjọba tí ó lè bá a jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Nílé ńkọ́? Abala 16 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dárúkọ ibùgbé tí ó yẹ ọmọ ènìyàn àti ìtọ́jú ọjọ́ ogbó pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, pé kí ìjọba sapá láti pèsè wọn. Abala 6 sì dí ojú ọ̀nà ilé ẹjọ́, pé kò sí ẹni tí ó lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní Èkìtì, ní 2011, ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ owó arúgbó, 5,000 náírà lóṣù fún àwọn aláìní tí ó ti pé ọdún 65. Ìṣe rere ni, ṣùgbọ́n owó ọbẹ̀ ni, kì í ṣe owó ilé. Owó Ìkọ́lé Orílẹ̀-èdè tí a dá sílẹ̀ ní 1992 ń yọ 2.5 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́, ó sì ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó; ẹ̀yáwó ni, ìyá tí ó ti ta ẹ̀kọ dé ẹni ọdún 70 kò lè yọjú síbẹ̀. Ibi tí Amẹ́ríkà wà ní 1959 gan-an ni a wà, lórí ààrò kan, bí a tilẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé kò lè gbé ìkòkò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ìjọba ìpínlẹ̀ yòówù tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó yí ètò padà. Àṣà wa ni kí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò, kí a wá máa wá owó ìyókù. Kí ó kọ́kọ́ gba aṣètò sí iṣẹ́, kí ó kọ owó oṣù rẹ̀ sínú ètò ìṣúná. Kí ó ṣe òfin tí yóò máa dí àlàfo owó ilé, tí gómìnà tuntun kò ní lè fi ìbínú yọ. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó gbé ṣọ́bìrì. Bí kò bá lè rí owó méjì àkọ́kọ́ yẹn fún ọdún márùn-ún, kí ó má ṣe kọ́ ilé náà rárá. Kí ó fi owó sìmẹ́ńtì bá àwọn àgbà san owó ilé níbi tí wọ́n ń gbé báyìí, nítorí ilé tí ó ṣófo kò wúlò fún arúgbó, kò sì wúlò fún ìlú.