Ọwọ́ Mímọ́ Ní Í Mú Ẹ̀rí Dúró: Ìwádìí Orí Fóònù àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tó Ni Ín

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń rin àwọn títì tó wà nítòsí Pólì Ìbàdàn. Bí agbófinró bá dá ọ̀dọ́ dúró, tó ní kó ṣí fóònù rẹ̀, tó sì ń ka WhatsApp rẹ̀ lójú títì, kí ló ń ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ náà sí ìjà láàárín ẹ̀tọ́ ọ̀dọ́ àti ààbò ìlú, pé bí ọ̀kan bá jèrè, èkejì á pàdánù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó ni fóònù náà ló ń dáàbò bo ẹ̀rí inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ipá tú fóònù, ẹ̀rí gan-an ló ń bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń bà jẹ́. Fóònù tó wà ní títàn kì í dúró sójú kan: àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé, fáìlì àtijọ́ ń pa rẹ́. Bí agbófinró bá tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp kan tí olóhun kò tíì kà, lọ́pọ̀ ìgbà ni tíìkì méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò di búlúù lójú ẹni tó fi í ránṣẹ́. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rọ ti ń jẹ́rìí pé olóhun ka ohun tí kò kà. Bí fóònù bá sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹlòmíràn lè jókòó síbòmíràn kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú fi máa ń kọ́kọ́ já fóònù kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n tó ṣe àdàkọ ohun inú rẹ̀, orí àdàkọ náà ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Wọn á ṣírò nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní hash fún un. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú àdàkọ náà, nọ́ńbà yẹn á yàtọ̀ pátápátá. Wọn á tún kọ orúkọ gbogbo ẹni tí fóònù náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Kò sí èyí tí wọ́n ń ṣe nínú gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì.

Òfin wa náà mọ èyí. Abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 fi ọwọ́ sọ̀yà fún ọmọ Nàìjíríà pé ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí tẹlifóònù kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé á máa yọjú sí. Òfin ọdún 2015 tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì la ọ̀nà sílẹ̀ fún agbófinró láti lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì ní kí ẹni tó mú ìwé jáde láti inú kọ̀ǹpútà fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, tó ti inú ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Bayelsa ọdún 2012 jáde, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn tó mú un wá kò ṣe ohun tí abala 84 béèrè.

Bí ọwọ́ bá tilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè ṣìnà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí owó ilé ìfìwéránṣẹ́, tó jẹ́ pé Horizon, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ló sọ pé owó dín. Ọdún 2019 ni adájọ́ tó sọ ọ́ gbangba pé àléébù wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọdún 2024 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin tó pa ọ̀pọ̀ nínú ìdálẹ́bi náà rẹ́. Àwọn kan ti ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan sì ti kú. Àwọn tó mọ̀ nípa àléébù náà ni kò sọ ọ́ síta lásìkò. Nítorí náà, ojúṣe olùwádìí kò pin sórí wíwá ohun tí yóò dá afurasí lẹ́bi; dandan ni kó gbé ohun tó lè dá a láre kalẹ̀ pẹ̀lú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹnìkan yóò sọ pé àwọn ọmọ yàhúù ti pọ̀ jù, àti pé bí a bá ní kí ọlọ́pàá máa wá ìwé àṣẹ, oní-gbájúẹ̀ á ti sá lọ. Òótọ́ ni pé gbájúẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn kan ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Irun dídì àti láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ irú ìfura yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn ọ̀dọ́ tú síta lọ́dún 2020, tí ìjọba fi tú ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá. Nígbà tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ya wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ lóru ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2023, ariwo tó tẹ̀ lé e mú kí ọ̀gá àjọ náà, Ola Olukoyede, fòfin de irú iṣẹ́ òru bẹ́ẹ̀. Ta sì ni títú fóònù lójú títì ń ṣe láǹfààní? Iwájú ATM tàbí ọ̀dọ̀ oní-POS ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ pé ó ń parí sí, níbi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì kò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ kò sì rí ẹ̀rí kankan.

Àwọn agbẹjọ́rò lè tọ́ka sí abala 14 òfin ẹ̀rí, tó ní adájọ́ lè gba ẹ̀rí tí wọ́n kó lọ́nà àìtọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n abala 15 tó tẹ̀ lé e ní kí adájọ́ wo bí àìtọ́ náà ṣe wúwo tó, àti bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ̀bùn adájọ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́ agbófinró, olùwádìí tó bá sì gbójú lé e ti fi ẹjọ́ ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ta tẹ́tẹ́. Ẹlòmíràn á ní, ẹni tí kò jalè kí ló ń bò? Ó gbàgbé pé fóònù kan kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Àìsàn ìyá wà nínú rẹ̀, àṣírí ọ̀rẹ́ wà nínú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò sì sí lójú títì láti gbà tàbí kọ̀. Bí àṣírí inú fóònù ṣe pọ̀ tó wà lára ohun tó mú kí gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Riley, pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ kó tó tú fóònù ẹni tó mú, àfi bí ọ̀ràn bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju mẹ́ta lọ: kí agbófinró tó fura sí ẹnikẹ́ni gba fóònù náà láìtú u, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fún olóhun ní ìwé ẹ̀rí; kí àṣẹ adájọ́ dárúkọ ohun tí wọ́n ń wá, kí olùwádìí má kọjá ibẹ̀; kí agbẹjọ́rò afurasí sì ní àǹfààní láti fi ògbóǹtarìgì tirẹ̀ yẹ àdàkọ náà wò. Bí a bá ṣe èyí, ọ̀daràn tí a bá mú kò ní rí ibi yọ́ gbà.