Ayùn Oníná Tó Dákẹ́ Kò Tíì Kú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú danfo láti Ketu lọ sí Ojota, ẹ̀yin tí go-slow ká mọ́ Mile 12, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ki earpiece bọ etí nínú yàrá yín ní Ikosi, ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ayùn oníná, ìyẹn ẹ̀rọ ìgégi oníṣéènì tó ń lo iná NEPA tàbí bátìrì.

Kí ló mú ọ̀rọ̀ ayùn wá? Òjò ni. Bí òjò bá bá ìjì wá ní Kosofe, ẹ̀ka igi máńgòrò àti igi fúrúùtù máa ń já lu òrùlé, ó sì máa ń dí ojú ọ̀nà. Láyé àtijọ́, àdá àti àáké la máa ń wá. Lónìí, ọ̀dọ́ kan á ra ayùn lórí fóònù, á wo fídíò oníṣẹ́jú méjì, á sì sọ fún onílé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín gé e." Owó gidi wà níbẹ̀, mi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gégi yẹn náà la fi ń jẹun, òun la fi ń tẹ fóònù. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta òmíràn.

Ní Jámánì ni Andreas Stihl ti gbé ayùn oníṣéènì tó ń lo iná jáde ní ọdún 1926. Nígbà yẹn, èèyàn méjì ló ń gbé e. Ní báyìí, ó ti fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan lè gbé òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ayùn tó ń lo epo máa ń pariwo, àwọn ọmọdé á gbọ́, wọ́n á sá. Toníná ń dákẹ́ gbàrà tẹ́ ẹ bá ti yọ ìka kúrò lórí bọ́tìnì. Ẹ ó rò pé ó ti kú. Kò kú o! Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí tí bátìrì wà nídìí ẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ ká fi Èkó wa níbí ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ gé igi dé ìdajì, NEPA mú iná lọ. Ayùn há sínú igi. Ẹ fi ọwọ́ kan di ibi bọ́tìnì mú, ẹ wá ń fi ọwọ́ kejì fa ṣéènì. Lójijì, àdúgbò pariwo "Up NEPA!" Ṣé ẹ rí i? Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, ẹ yọ ìka kúrò, kẹ́ ẹ sì yọ wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Tó bá jẹ́ oníbátìrì, ẹ yọ bátìrì kẹ́ ẹ tó fún ṣéènì le, kẹ́ ẹ tó gbá ìyẹ̀fun igi kúrò lára ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ má sì ṣe fi rọ́bà tàbí okùn so bọ́tìnì mọ́lẹ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ ká wo iná fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayùn oníwáyà máa ń jẹ tó wáàtì 1,800 sí 2,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a ń pè ní "I better pass my neighbour", bíi wáàtì 650 ló lè gbé láì dákú. Kò lè gbé e. Wáyà extension tín-ín-rín tá a fi ń chargi fóònù náà kò lè gbé e. Á gbóná, ó sì lè jó. Ẹ wá wáyà tó nípọn, kẹ́ ẹ tú u tán pátápátá, torí wáyà tó ká jọ máa ń gbóná kíákíá. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn yín, kì í ṣe níwájú ayùn. Bí ilẹ̀ bá sì ṣì tutù látàrí òjò, ẹ dúró kó gbẹ.

Ó wá kan ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù: ayùn máa ń ta padà. Ṣéènì ayùn oníwáyà lè sáré ju mítà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí apá òkè ní ṣóńṣó ẹ̀ bá kan igi tàbí irin, á fò sókè, á sì kọjú sí ẹni tó dì í mú, kí ojú tó ṣẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ọwọ́ méjèèjì ni o, kí àtàńpàkò yí ọwọ́ ìdìmú po dáadáa. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí orí yín má ṣe wà lójú ọ̀nà ayùn. Ẹ má gbé e kọjá èjìká, ẹ má sì gbé e gun àkàbà. Ní ti ayùn kékeré oníbátìrì tí ń wu èèyàn láti fi ọwọ́ kan lò, ọwọ́ kejì tó di ẹ̀ka mú ni ayùn sábà máa ń bá.

Aṣọ ńkọ́? Bàtà búùtù, kì í ṣe sálúbàtà. Awò tó bo ojú, ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò tó nípọn. Ẹni tó dirun gígùn, ẹ kó o jọ sẹ́yìn, ẹ fi fìlà bò ó. Ẹ bọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn.

Iṣẹ́ kan sì wà tó yẹ kẹ́ ẹ kọ̀ pátápátá, bí onílé tiẹ̀ fi owó lé owó. Bí igi bá kan wáyà NEPA, ẹ sún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ pe Ikeja Electric. Bí ẹ̀ka bá tẹ̀ kọdọrọ lórí òrùlé bí ọrun ọdẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá gé e, á ta bí ọrun. Igi tó ṣì wà lóòró, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó igi àti ọgbà, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Bí ayùn bá gé ẹnikẹ́ni, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má sì tú u wò. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ẹ pe 112 tàbí 767; ọ̀fẹ́ ni ní gbogbo Èkó.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ayùn kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Ó dìgbà kan ná o.