Ohun tí Ojú Lè Sọ Nípa Àrùn Ọpọlọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ojú ẹnìkan bá ń yí kiri bí ẹni tí nǹkan ń lé, tàbí tí ó tẹjú mọ́ ibi kan láìṣẹ́jú, àwọn ará ilé a bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé orí rẹ̀ ti fẹ́ yí. Irú ìfura bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń wá nínú ẹyinjú kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i. Ẹ̀rọ ni ó ń rí i.

Àrùn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá a ni èyí tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní sikisofírẹ́níà, ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tí Yorùbá kó pọ̀ sí abẹ́ orúkọ wèrè. Ẹni tí ó bá mú a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. A máa gbàgbọ́ pé àwọn kan ń lépa òun. A sì máa yẹra fún ẹgbẹ́. Ìgbà èwe ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àní ní ọjọ́ orí àwọn tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò sì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tí ó lè fi í hàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀, àti ìṣe rẹ̀ ni dókítà ń gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí àrùn náà ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní àwọn ọdún 1960, tí Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rẹ̀, ìbéèrè àti ìdáhùn náà ni irinṣẹ́ wọn. Abájọ tí àmì tí ẹ̀rọ lè wọ̀n fi wu àwọn onímọ̀.

Ní ọdún 1908 ni Allen Diefendorf, tí í ṣe dókítà, àti Raymond Dodge, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ ìwádìí wọn jáde láti ìlú Middletown ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn máa fi ojú bá ohun tí ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ, wọ́n sì ń ya fọ́tò ìrìn ojú wọn. Bí ojú ẹni tí ara rẹ̀ dá bá ń tẹ̀lé ohun tí ó ń lọ jẹ́jẹ́, yóò máa bá a lọ ni bí ọkọ̀ tí ó ń lọ lórí omi tí ó dákẹ́. Ojú ọ̀pọ̀ aláìsàn a máa rẹ̀yìn, a fò láti bá a, a tún rẹ̀yìn, a tún fò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kọbi ara sí i, títí Philip Holzman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jí ọ̀rọ̀ náà padà ní 1973. Kì í ṣe aláìsàn nìkan ni wọ́n wò. Wọ́n wo àwọn ìbátan wọn tí kò ṣe àìsàn rárá, wọ́n sì rí fífò kan náà nínú ojú wọn ju bí a ti ń rí i láàrin àwọn ènìyàn yòókù lọ. Ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti dùn, ibẹ̀ náà ni ó sì ti le: àmì tí ó ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé kì í ṣe àmì àìsàn tààrà.

Ní 2012, Philip Benson, David St Clair àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Aberdeen, ní Skọ́tíláǹdì, pa oríṣiríṣi àyẹ̀wò ojú pọ̀: kí ojú tẹ̀lé ohun tí ó ń lọ, kí ó dúró sójú kan, kí ó wo àwòrán bí ó ti wù ú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ya aláìsàn sọ́tọ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá nígbà 98 nínú 100. Àwọn mìíràn ń wo awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ka ọpọlọ láti inú oyún wá. Ó tín-ín-rín díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè ṣe awọ yìí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ kò sì ṣọ̀wọ́n lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí.

Kí olùkọ́ ìṣirò gbé 98 yẹn yẹ̀ wò. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní 1,000 akẹ́kọ̀ọ́. Nínú iye bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 7 ni àrùn yìí máa ń mú ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ká sì ní ẹ̀rọ náà lè mọ̀ wọ́n kí àìsàn tó dé: yóò mú àwọn 7 náà, yóò sì ṣi nǹkan bí 20 mú nínú 993 tí ó kù. Ní Aberdeen, àwọn tí a ti mọ̀ ní aláìsàn ni wọ́n kó jọ pẹ̀lú àwọn tí ara wọn dá. Nínú kíláàsì, kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ẹ̀rọ yìí kò ṣe tíì gba ipò dókítà tí ó jókòó tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá sì mọ bí ìdílé Yorùbá ti ń wádìí kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ mọ ohun tí yóò dé bá àwọn 20 náà bí orúkọ wọn bá jáde. Kò ní yọ àbúrò aláìsàn sílẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ń fò níwájú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí yóò kọ́lé, tí yóò bímọ, tí kò sì ní gbọ́ ohùn àjèjì kan títí ọjọ́ ikú rẹ̀.