Ìbọn Ayípo àti Ìbọn Alápò: Èwo ni Kí Ọlọ́pàá Gbé?

Ọ̀rọ̀ tí olóòtú ètò gbé lé mi lọ́wọ́ lálẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ èdè. Wọ́n ní kí n sọ èyí tí ó sàn jù nínú oríṣi ìbọn ìléwọ́ méjì tí aráyé ń lò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ kọ́ òun bí a ti ń ra ìbọn. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí a ṣe ní 1959, ka oríṣi méjèèjì mọ́ ohun èèwọ̀, àfi fún ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ni ẹjọ́ náà ti gbóná jù, nítorí pé wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n gba èkejì, ìyípadà náà sì kan àwọn tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún wọn lórúkọ. Revolver ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ti àkọ́kọ́. Samuel Colt ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí irú tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1836. Ó ní àgbá kékeré kan tí ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà wà nínú rẹ̀, ọta kọ̀ọ̀kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá ti ń fa apátí, bẹ́ẹ̀ ni àgbá náà ń yí, tí ọta mìíràn ń bọ́ sí ojú ọ̀nà. Nítorí náà ni n ó ṣe pè é ní ayípo. Ní ti èkejì, àwọn ọta rẹ̀ tò léra nínú àpò onírin pẹlẹbẹ tí a ń tì bọ inú èèkù ìbọn. Bí ọ̀kan bá dún, agbára rẹ̀ ni ó ń ti irin òkè ìbọn sẹ́yìn, tí ó ń tu ìkarahun dànù. Sípíríǹgì yóò sì gbé òmíràn sí ipò rẹ̀. Èyí ni alápò. Àwọn kan máa ń sọ pé ìbọn tí ń yin ara rẹ̀ ni. Èdè wọn ṣì wọ́n lọ́nà níbẹ̀. Ó ń ki ara rẹ̀ ni, kì í yin ara rẹ̀: ìfà kan, ọta kan.

Ìwà ayípo tutù. Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, ẹ tún apátí fà, òmíràn yóò dé. Bí ẹ bá ṣí àgbá rẹ̀, ojú yín ni yóò sọ bóyá ó ṣófo. Alápò lè há, a ó sì nílò ọwọ́ méjì láti tú u. Ó tún ní ẹ̀tàn kan tí ó ti pa ènìyàn: a lè yọ àpò náà kúrò pátápátá kí ọta kan ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà tí ń dúró de ìka òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n alápò yá, ọta rẹ̀ sì pọ̀. Glock 17 tí àwọn ọmọ ogun Austria gbà ní 1982 ń gba ọta 17.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, 1986, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI mẹ́jọ dojú kọ adigunjalè méjì ní agbègbè Miami. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì kú, márùn-ún gbọgbẹ́, àwọn adigunjalè náà sì kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń ki ayípo rẹ̀ lọ́wọ́ ni ọta bà á lọ́wọ́. Ìtàn yìí ni àwọn olùgbèjà alápò máa ń sọ. Wọn kì í sábà sọ ìyókù: mẹ́ta nínú àwọn mẹ́jọ náà ní alápò lọ́wọ́, àwọn méjì tí ó kú sì wà nínú wọn. Ìbọn gígùn ni adigunjalè fi ṣe ọṣẹ́ jù. Ẹni tí ó sì parí ìjà náà, tí apá rẹ̀ kan ti bàjẹ́, ayípo ni ó fi parí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ya sí ọ̀dọ̀ alápò. Ní 1993 ni New York gbà á láàyè. Ní 2018 ni wọ́n gba ayípo tí ó kù lọ́wọ́ àwọn àgbà ọlọ́pàá ibẹ̀.

Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó di èèkù mú ni à ń sọ. Àwọn baba wa bi wá pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ní ọjọ́ 4, oṣù Kejì, 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin kọjú alápò sí Amadou Diallo, ọmọ ilẹ̀ Guinea, ẹni ọdún 23, ní ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ń gbé ní Bronx. Àpò owó ni ó mú lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn rò pé ìbọn ni. Ọta 41 ni wọ́n yìn, 19 bà á. Ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀ ní 2000. Ìlú New York san mílíọ̀nù 3 dọ́là fún àwọn ẹbí rẹ̀ ní 2004.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Méjì nínú wọn yin ọta 16 ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí àpò wọn fi gbẹ. Ẹ̀kẹta yin 5, ẹ̀kẹrin yin 4. Ká ní ayípo ọlọ́ta mẹ́fà ni wọ́n gbé, àwọn méjì àkọ́kọ́ ì bá ti dúró lórí ẹ̀kẹfà, iye náà ì bá sì jẹ́ 21. Mo mọ èsì tí a ó fún mi: ọta kan tó láti pa ènìyàn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè tún ayípo kì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ki ìbọn kò yìnbọn ní àkókò náà. Etí rẹ̀ lè gbọ́ pé kò sí ẹni tí ń dá ìbọn padà.

Nítorí náà, fún ọlọ́pàá tí ń lépa adigunjalè, tí a sì ń kọ́ lọ́dọọdún bí a ti ń dá ìka dúró, mo fara mọ́ alápò. Fún èyí tí ń ṣọ́ ọjà àti ojú pópó láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn, ayípo ni mo mú. Mo rí i pé ọ̀gá tí ó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn.