Ìwé Abanilẹ́rù fún Ìgbà tí Ilẹ̀ Ń Tètè Ṣú

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àlùfáà ni a pè láti sọ irú ọ̀rọ̀ tí a fún mi sọ ní alẹ́ yìí. A ní kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwé ìtàn iwin àti ti òkú tí ń rìn, èyí tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà máa ń kà ní ìgbà ìwọ́wé. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní òkè òkun, àwọn ìwé wọ̀nyí sì ti ń wọ ilé wọn, yálà ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀.

Ẹni tí kò bá gbé ilẹ̀ òtútù rí kò lè tètè mọ ohun tí ìgbà ìwọ́wé jẹ́. Ní Èkó, láàárín ọjọ́ tí oòrùn tètè wọ̀ jù lọ nínú ọdún àti ọjọ́ tí ó pẹ́ wọ̀ jù lọ, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù June, aago mẹ́sàn-án alẹ́ a kọjá kí oòrùn tó wọ̀; ṣùgbọ́n bí September bá ti ń parí lọ, ọjọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ewé igi a pọ́n bí osùn, a sì wọ́ sílẹ̀, ìkùukùu a bo òpópó; nígbà tí yóò bá sì fi di December, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Inú òkùnkùn ni àwọn ọmọdé ń gbà ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Kí ni ènìyàn yóò fi irú alẹ́ gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe? Kí iná mànàmáná tó dé, wọn a ti ìlẹ̀kùn, wọn a kó ara wọn jọ yí iná ká, wọn a sì máa sọ ìtàn. Ìtàn tí ó bá irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ mu kì í sì í ṣe ìtàn ọ̀sán gangan.

Inú àkókò yìí náà ni ọjọ́ kìíní oṣù November bọ́ sí, èyí tí Ìjọ ń pè ní Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́. Láti inú àìsùn ọjọ́ náà, èyíinì ni 31 October, ni orúkọ Halloween ti jáde. Èmi kò ní pẹ́ lórí èyí. Ìbòjú tí àwọn ọmọdé ń dì, àti àdídùn tí wọ́n ń tọrọ láti ilé dé ilé, kò kàn wá ní alẹ́ yìí. Ìwé ni mo wá sọ.

Bí mo ti ń ka àwọn ìwé yìí láti ìgbà tí mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ṣe àkíyèsí pé èyí tí ó dára jù nínú wọn ni ó yẹ fún kíkà sókè sí etí àwọn ẹlòmíràn. Inú ìwé ni ìbẹ̀rù wà, inú yàrá ni ìtura wà; bí a bá mú ọ̀kan kúrò, èkejì kò ní adùn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nídìí àlọ́ mọ èyí dáadáa. A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Alẹ́ ni a ń pa á, nígbà tí iṣẹ́ ti tán tí a sì ti jẹun. Ẹni tí ń pa á kì í sì í dá sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ọmọ ni yóò dá a lóhùn, àwọn náà ni yóò sì gbe orin. Nígbà tí iwin bá jáde láti inú ìrókò, nígbà náà ni ọmọ a túbọ̀ fara mọ́ ìyá àgbà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí mo gbà pé ó mọ ọ̀nà yìí jù ni Montague Rhodes James. Ọmọ àlùfáà ni. A bí i ní 1862, ó sì dàgbà ní ilé àlùfáà ní Great Livermere, ìgbèríko kan ní Suffolk. Ọ̀mọ̀wé gidi ni. Òun ni ó jókòó ti àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ní Cambridge, tí ó kọ àkójọ wọn láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan dé òmíràn. Òun náà ni ó túmọ̀ àwọn ìwé àpókírífà ti Májẹ̀mú Titun sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1924. Síbẹ̀, nítorí ìtàn iwin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ orúkọ rẹ̀. Ní 28 October 1893, ó ka méjì nínú wọn sí etí ẹgbẹ́ kékeré kan ní Cambridge tí wọ́n ń pè ní Chitchat. Lẹ́yìn náà ó di àṣà pé ní àkókò Kérésìmesì àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a péjọ sí yàrá rẹ̀ láti gbọ́ ìtàn tuntun. Ẹnìkan tí ó máa ń wà níbẹ̀ sọ pé a jáde láti inú yàrá ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, a fẹ́ gbogbo àbẹ́là pa àfi ọ̀kan, a jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú irú èyí, Ghost Stories of an Antiquary, jáde ní 1904.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan kí ẹ lè rí bí ó ti ń ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ẹni tí kò gbà pé iwin wà rárá, lọ sinmi ní ìlú kan létí òkun. Yàrá tí a fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì ní ibùsùn méjì. Ó rí fèrè kékeré kan nínú àlàpà ilé ìsìn àtijọ́, ó nù ún mọ́, ó sì fọn ọ́. Ẹ̀fúùfù líle dìde lójijì. Lẹ́yìn èyí, ìránṣẹ́bìnrin tí ń tún yàrá ṣe wá sọ fún un pé ibùsùn méjèèjì ni àwọn ní láti tún tẹ́ ní òwúrọ̀ náà, bí ẹni pé ènìyàn méjì ni ó sùn níbẹ̀. Èmi kò ní sọ ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́: kò sí igbó kìjikìji, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egungun òkú, fèrè, ibùsùn àti aṣọ ìtẹ́sùn ni. Àwàdà sì pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùgbọ́ yóò ti máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ti tán. Àgbà àti ọ̀dọ́ tí ó ti gbó ni mo ń ka ìwé James fún. Ọ̀kan nínú ìtàn méjì tí ó kà ní alẹ́ àkọ́kọ́ náà, Lost Hearts, jẹ́ ti àwọn ọmọdé tí a pa. Èmi kò lè kà á sí etí ọmọ kankan.

Fún àwọn kékeré, ìwé tí mo yàn ni The Wind in the Willows tí Kenneth Grahame tẹ̀ jáde ní 1908. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á mọ́ ìwé abanilẹ́rù, nítorí pé ẹranko ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, bí ìjàpá ti ń sọ̀rọ̀ nínú àlọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí kẹta. Mole, ẹranko kékeré tí ń gbẹ́ ilẹ̀ gbé, dá nìkan wọ igbó ńlá ní ọjọ́ òtútù kan. Ilẹ̀ ṣú bá a. Ó rí ojú kan tí ń wò ó láti inú ihò. Ó yí padà, òmíràn ni. Kò pẹ́, gbogbo ihò ni ó ní ojú. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ súfèé. Lẹ́yìn súfèé, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ lórí ewé gbígbẹ. Ó sáré títí ó fi ráyè wọ inú ihò igi kan, ó ń gbọ̀n. Rat ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ìbọn ìléwọ́ àti kùmọ̀, ó wá a rí. Ṣùgbọ́n òjò dídì ti bo gbogbo ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì ṣìnà. Irin kan tí ó gé Mole lẹ́sẹ̀ ni ó jẹ́ kí wọ́n rí ìlẹ̀kùn Badger, àgbà ẹranko tí kì í fẹ́ àlejò. Ní orí kẹrin, ìlẹ̀kùn ṣí. Iná igi ń jó, ẹran gbígbẹ àti àlùbọ́sà rọ̀ sí òkè àjà, a wọ aṣọ gbígbẹ fún wọn, a sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bí kò bá sí igbó náà, ilé ìdáná lásán ni ilé ìdáná Badger ì bá jẹ́. Èmi kò tíì ka ojú ìwé mìíràn tí ó fi ìdí ìtàn ẹ̀rù hàn tó èyí.

Washington Irving, ará Amẹ́ríkà, rí ohun kan náà ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ The Legend of Sleepy Hollow, èyí tí ó jáde ní 1820. Olùkọ́ tín-ínrín kan tí ń jẹ́ Ichabod Crane fẹ́ràn láti máa jókòó ti àwọn ìyá àgbà nídìí iná, nígbà tí èso ápù ń yan níwájú wọn, kí ó máa gbọ́ ìtàn iwin. Adùn ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí ó dá rìn padà sílé, gbogbo igbó tí òjò dídì bò ní ọ̀nà a sì dà bí iwin lójú rẹ̀. Ní alẹ́ ìgbà ìwọ́wé kan ni ó pàdé ẹlẹ́ṣin aláìlórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fìlà rẹ̀ ni a rí lẹ́bàá odò, pẹ̀lú elégédé fífọ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ kà á yóò mọ ẹni tí ó ju elégédé náà.

A Christmas Carol ti Charles Dickens, 1843, kò nílò ìyìn mi. Òkú Marley tí ń wọ́ ẹ̀wọ̀n tí a fi àpótí owó àti kọ́kọ́rọ́ so pọ̀ ti di ti gbogbo ayé. Ní ti Frankenstein tí Mary Shelley tẹ̀ jáde ní 1818, ìwé ńlá ni, ṣùgbọ́n ìwé ìbànújẹ́ ni. Kò sí ìdí iná fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ẹ̀dá inú rẹ̀ pàápàá ń gba ojú ihò ògiri wo ìdílé tí ń yáná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti dàgbà.

Kí a má sì rò pé ti àwọn ẹlòmíràn nìkan ni. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fagunwa kọ, tí àwọn C.M.S. tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1938, tí Wole Soyinka sì túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú wọn. Agbákò ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí kò sí iwin Suffolk tí ó lè bá a jà. Ẹ rántí bí Akàrà-oògùn ṣe sọ ìtàn rẹ̀: akọ̀wé kan ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni èrò ń pọ̀ sí i tí wọ́n wá jókòó gbọ́. Ìwé náà mọ̀ pé àpéjọ ni a kọ òun fún. Àwọn ọmọ yín tí ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu yín ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kà á dáadáa lè gbọ́ gbogbo rẹ̀, bí ẹ̀yin bá lè kà á sókè.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Bàbá kan kọ̀wé sí mi láti òkè òkun pé ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú ìwé iwin kan wá sílé, ó ń fi iná kékeré kà á lábẹ́ aṣọ ìbora, ó sì di ẹni tí kò lè sùn mọ́. Ó bi mí bóyá kí òun sun ìwé náà. Mo fèsì pé Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fi ìtàn Sọ́ọ̀lù ní Éńdórì pa mọ́ fún wa, àti pé kí ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ fún ọ̀sán, kí ó sì kà á fún un ní alẹ́, ní yàrá ìjókòó, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nítòsí. Wọ́n kà á tán ní alẹ́ mẹ́fà. Ní alẹ́ kẹta, ọmọ náà ni ó ń fara ṣe iwin fún bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹta ìwé Grahame. Ẹ jẹun ná. Ẹ pa iná ńlá, ẹ tan fìtílà kan. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, ẹ má yára níbi tí súfèé ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì ti rẹ̀ yín, ẹ má ṣe pa ìwé náà dé nígbà tí Mole ṣì wà nínú ihò igi. Ẹ kà á títí Badger yóò fi ṣí ìlẹ̀kùn, kí àwọn ọmọ tó lọ sùn.